Rédíò Inú Ọkọ̀ àti Èdè Inú Ilé

Àwa olùkọ́ mẹ́rin ni a dá owó jọ ra ọkọ̀ kan. Àjàṣẹ́ ni ìdílé wa ń gbé, ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ìjọba fi wá sí wà lọ́nà òkè: méjì nínú wa ń kọ́ni ní Pobè, méjì yòókù ní Kétu. Ní ìdájí Ọjọ́ Ajé a ó gba Sakété lọ, ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì a ó gba ibẹ̀ padà, bí ó bá sì di ìgbà ìsinmi, àwọn ọmọ wa a máa bá wa lọ kí àwọn ìyá àgbà wọn. Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Ẹni tí ó bá ń rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ a máa di yàrá kan nínú ilé ẹni, àti pé ohun tí ń dún nínú yàrá náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ó lè ya àwọn òǹkàwé kan lẹ́nu pé a mú ọ̀rọ̀ rédíò ọkọ̀ wá sínú ìwé tí ó wà fún èdè àti àṣà. Faransé ni a fi ń kọ́ni láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Èdè Gùn ni àwọn ọmọ wa fi ń ṣeré ní àdúgbò. Faransé náà ni tẹlifíṣọ̀n ń sọ ní yàrá àlejò. Nígbà tí a jókòó ṣírò rẹ̀, a rí i pé àwọn wákàtí tí a ń lò nínú ọkọ̀ ni ó gùn jù lọ tí àwọn ọmọ wọ̀nyí fi lè gbọ́ Yorùbá láìsí ohun tí yóò já a gbà lẹ́nu ẹni tí ń sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí fún àwa náà nígbà èwe wa. Nínú ọkọ̀ akérò Peugeot 504 tí ń kó ènìyàn mẹ́sàn-án, kásẹ́ẹ̀tì tí ó bá wu awakọ̀ ni gbogbo wa ń gbọ́: àpàlà Haruna Ishola, sákárà Yusufu Ọlátúnjí, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò dé ìparí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi wá bóyá a fẹ́ tàbí a kò fẹ́. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ̀pọ̀ òwe tí ẹnì kankan kò pa fún wa nílé.

Ọkọ̀ tiwa jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àlòkù tí ń gba èbúté Kutọnu wọlé, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní « venue de France », bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Bẹ́ljíọ̀mù ni tiwa ti wá. Rédíò tí wọ́n ṣe mọ́ ọn wà níbẹ̀, ó mọ́, ó lẹ́wà, ó sì yadi. Ohun tí ó fa èyí kò ṣòro láti yé. Àwọn tí ó ṣe irú rédíò bẹ́ẹ̀ fi nọ́ńbà àṣírí sí i nítorí olè: bí a bá ti yọ ojú bátìrì lẹ́ẹ̀kan, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí a ó fi tẹ nọ́ńbà mẹ́rin náà fún un, bí a bá sì ń méfò, yóò ti ara rẹ̀ pa fún ìgbà pípẹ́. A ti yọ bátìrì ọkọ̀ wa kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, nọ́ńbà náà sì wà lórí páálí kékeré kan nínú àpótí ẹnì kan tí a kò lè mọ̀ láéláé. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ àti ẹni tí ó jí i, ojú kan náà ni rédíò yẹn fi ń wò wọ́n. Ó di dandan kí a ra òmíràn.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta rédíò ọkọ̀ ní Kutọnu, a bá ògiri kan tí ó kún fún iná aláwọ̀ oríṣiríṣi. Èyí tí ó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wa, tí ń kọ́ni ní ìṣirò, dúró níwájú ọ̀kan tí ojú rẹ̀ fẹ̀ bí wàláà, tí a lè wo fíìmù nínú rẹ̀. Olùtajà ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni owó wà.

« Ọ̀gá, èyí ni gbogbo ayé ń rà báyìí. »

Ẹ̀gbọ́n tí ó dàgbà jù nínú wa dá a lóhùn pé: « Àbúrò mi, gbogbo ayé kì í gba Pobè kọjá. »

Ẹ̀rín ni a fi gba ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gidi ni. Rédíò olójú gbàgede náà ga ní ìlọ́po méjì ihò tí ó wà níwájú ọkọ̀ wa. Ìwọ̀n kan náà ni ọ̀pọ̀ ihò bẹ́ẹ̀ ní, láti inú ìlànà kan tí àwọn ará Jámánì gbé kalẹ̀: nǹkan bí 18 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú àti 5 ní gíga, tàbí 10 ní gíga fún àwọn onílọ̀ọ́po méjì. Àwọn oníṣẹ́ kan wà tí wọn ń fi ayùn gé iwájú ọkọ̀ kí èyí tí ó tóbi lè wọ̀ ọ́. A kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ojú ọ̀nà ni ó yẹ kí awakọ̀ máa wò.

Ohun kejì tí wọ́n fi ń fa ènìyàn mọ́ra ni nọ́ńbà tí a kọ gàdàgbà sára páálí: 50 W lọ́nà mẹ́rin. Ẹni tí ń kọ́ni ní PCT nínú wa yọ bírò, ó sì ṣe ìṣirò náà sára páálí ọ̀hún lójú olùtajà. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ń fún rédíò ní iná tí ó tó 14 fọ́ọ̀tì péré. Pẹ̀lú gbohùngbohùn 4 ohm tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iná yẹn kò lè mú ju nǹkan bí 20 W lọ jáde lójú kọ̀ọ̀kan kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya. 50 tí a kọ síbẹ̀ jẹ́ ti ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ohùn bá fò sókè. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé. Rédíò tí a kọ 60 sí àti èyí tí a kọ 45 sí lè jẹ́ ọgbọọgba nígbà tí wọ́n bá dé inú ọkọ̀. Fún ìdí èyí a kò wo nọ́ńbà yẹn mọ́.

Ohun tí a wò ni bí yóò ti gbọ́ràn sí. Ibi yìí ni a fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ bá wa dé, nítorí a ti rí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí rédíò inú wọn lówó lórí, tí kò sì lè gbọ́ ibùdó ìlú tí olówó rẹ̀ ti wá. Láti ìgbà tí òfin 97-010 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1997 ti ṣí afẹ́fẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sílẹ̀ fún rédíò aládàáni àti ti àwùjọ, a ti ní àwọn ibùdó kéékèèké tí ń sọ èdè wa láti àárọ̀ dé alẹ́: ìkéde ọjà, ìkéde òkú, ìlera aboyún, ìtàn ìlú. Agbára wọn kéré. Rédíò tí ó le létí kò ní gbọ́ wọn.

Kì í sì í ṣe gbogbo rédíò ni a ṣe fún ilẹ̀ wa. Níhìn-ín, gẹ́gẹ́ bí i ní Yúróòpù, FM bẹ̀rẹ̀ láti 87.5 MHz, ó sì parí sí 108. Ní Japan, láti 76 ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì parí sí 90, tàbí 95 nínú àwọn tuntun. Rédíò tí a tú lára ọkọ̀ Japan lè máa dán bí awò, kí ó sì dún dáadáa nínú ṣọ́ọ̀bù, nítorí olùtajà ti mọ ibùdó tí ó wà nísàlẹ̀ 90 tí yóò fi dán an wò fún ọ. Ti Amẹ́ríkà ní ìṣòro tirẹ̀: fífò ni ó ń fò, kì í rìn. Láti 98.1 yóò bọ́ sí 98.3, láti ibẹ̀ sí 98.5. Bí ibùdó ìlú rẹ bá wà lórí 98.2, yóò fo ó kọjá bí ẹni fo kòtò, tàbí kí ó gbé e wá fún ọ pẹ̀lú ariwo bí òjò orí páànù. Ìdánwò rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú kan. Kí a tẹ bọ́tìnnì ìwá-ibùdó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a wo bí nọ́ńbà náà ti sún sí. Bí ó bá sún ní 0.1 tàbí 0.05, ó dára. Bí ó bá sún ní 0.2, kí a béèrè bóyá a lè yan agbègbè mìíràn nínú ètò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tuntun gbà bẹ́ẹ̀, Yúróòpù ni a ó sì yàn. Bí kò bá gbà, kí a dá a padà sórí ògiri.

A bá olùtajà ṣe àdéhùn pé bí rédíò náà kò bá gbọ́ nǹkan lẹ́yìn Pobè, a ó dá a padà kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Ó gbà, bí ó tilẹ̀ fajú ro. Olúkúlùkù wa dá 10 000 fráǹkì, owó náà sì tó fún rédíò, fún oníṣẹ́ àti fún ohun kékeré kan tí a kò tíì sọ.

Ohun kékeré náà ni ọ̀rọ̀ áńtẹ́nà. Ní ọjọ́ tí oníṣẹ́ iná ọkọ̀ kan bá wa fi rédíò sí i, ó ń gbọ́ Kutọnu ketekete, ṣùgbọ́n kí a tó dé Sakété ó ti ń hó. Oníṣẹ́ náà ní rédíò ni kò dára, kí a lọ ra èyí tí ó wọ́n. Ẹni tí ń kọ́ni ní PCT kọ̀ jálẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wa pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ṣe ní Yúróòpù ní ẹ̀rọ kékeré kan nídìí áńtẹ́nà, lórí òrùlé níbẹ̀, tí ń fún ohùn tí ó bá tínrín lókun kí ó tó wọ inú wáyà. Ẹ̀rọ yìí ń jẹ iná. Rédíò tí ó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ a máa gba inú wáyà áńtẹ́nà fúnra rẹ̀ fi iná ránṣẹ́ sí i. Èyí tí a rà lọ́jà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wáyà búlúù kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ń gbé iná náà jáde, ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti so ó pọ̀ mọ́ áńtẹ́nà pẹ̀lú ojú ìsopọ̀ kékeré kan tí iye rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán ènìyàn méjì. A ra á, a so ó. Ní Ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, ibùdó tí a ń fẹ́ dún títí a fi kọjá Pobè. Mélòó ni rédíò rere tí a ti bú, tí a ti tà ní ọ̀pọ̀, nítorí wáyà búlúù yìí?

Nípa àwọn wáyà yòókù, a kò ní pẹ́ níbẹ̀. Yẹ́lò ni iná tí kì í kú, tí ń jẹ́ kí rédíò rántí àwọn ibùdó tí a ti tò sínú rẹ̀. Pupa ni iná tí ń bá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wá, tí ó sì ń bá a lọ. Dúdú ni ti ilẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, ipò yẹ́lò àti pupa yí padà. Àmì rẹ̀ ni pé rédíò ń gbàgbé gbogbo nǹkan ní gbogbo ìgbà tí a bá yọ kọ́kọ́rọ́. Kí a pààrọ̀ méjèèjì fún ara wọn, ó tán. Ti gbohùngbohùn, méjì méjì ni wọ́n ń rìn: funfun fún iwájú lọ́wọ́ òsì, eérú fún iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, àwọ̀ ewé fún ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì, elésè àlùkò fún ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, èyí tí ó sì ní ìlà dúdú lára nínú méjì kọ̀ọ̀kan ni ti ìyọkúrò. Bí a bá yí ẹyọ kan sódì, gbogbo wọn yóò máa dún, ṣùgbọ́n ìlù yóò ṣòfo bí ìkòkò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ètò inú rédíò. Bọ́tìnnì tí a kọ AF àti TA sí wúlò ní Yúróòpù, níbi tí ibùdó kan ti ń lo ọ̀pọ̀ ìgbì tí a sì ń kéde súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Lọ́nà Kétu, ohun tí wọ́n ń ṣe kò ju kí rédíò ṣàdédé fi ibùdó sílẹ̀ láti wá òmíràn tí kò sí. A pa méjèèjì. Bí ibùdó bá jìnnà, a máa ń fi rédíò sí mono: ariwo yóò dín kù, ọ̀rọ̀ yóò sì yéni, nítorí ẹni tí ń ka ìkéde òkú kò nílò ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún. Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fura sí: ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gbaná sí fóònù nínú ọkọ̀, àwọn olówó pọ́ọ́kú wọ̀nyẹn, a máa da ariwo sínú FM. Bí ibùdó bá ń hó, kí a kọ́kọ́ yọ ọ́ wò.

Lẹ́yìn Pobè, bí a ti ń sún mọ́ Kétu, àwọn ibùdó Kutọnu a máa rẹlẹ̀, àwọn ti Nàìjíríà a sì máa wọlé. Yorùbá ni tibẹ̀, Yorùbá ni tibí, ṣùgbọ́n a máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ọ̀hún bá fi Gẹ̀ẹ́sì ka iye owó, tí tiwa sì fi Faransé ka iye tirẹ̀. Àwọn ọmọ wa ti sọ ọ́ di eré: ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fi Yorùbá pe iye náà ni ó jẹ. Egbèje àti ẹgbẹ̀rìndínlógún ti bọ́ sí wọn lẹ́nu báyìí.

Ṣùgbọ́n ìdajì ohun tí a ń gbọ́ kì í ṣe ti rédíò. Ìyá tí ó bí ẹnì kan nínú wa, ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu, kò mọ̀wé. Ohùn ni ó fi ń kọ lẹ́tà. Lálẹ́ Ọjọ́ Àìkú a máa fi ohùn ránṣẹ́ gba orí WhatsApp, kò sì sí èyí tí kì í fi oríkì ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó tó béèrè owó oògùn. A tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí a máa gbọ́ ọ nínú ọkọ̀. Ó ní: « Ẹ máa gbọ́ oríkì, ṣùgbọ́n ẹ gé ọ̀rọ̀ owó kúrò. » A gé e. Ẹlòmíràn nínú wa ti fi fóònù gba ohùn ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ ìjáde Gẹ̀lẹ̀dẹ́, pẹ̀lú àṣẹ àwọn àgbà. UNESCO ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kún ohun ìní ayé láti ọdún 2001, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wà ní Àjàṣẹ́ kò ní tìtorí ìyẹn gbọ́ ẹsẹ orin kan.

Rédíò wa kò mọ fáìlì WhatsApp. Orúkọ wọn parí sí « opus ». MP3 àti WMA ni ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ mọ̀. A lè fi Bluetooth gbé e jáde láti inú fóònù, ṣùgbọ́n ìpè yóò máa já ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu, fóònù yóò sì padà sọ́wọ́ awakọ̀. Ohun tí a ṣe ni pé a yí gbogbo wọn padà sí MP3, a sì dà wọ́n sórí « clé USB » kan tí a ti ṣe ètò rẹ̀ sí FAT32, nítorí rédíò olówó pọ́ọ́kú kì í sábà mọ ètò mìíràn. Lẹ́yìn náà a dín ìdún ilẹ̀ kù, a pa èyí tí wọ́n ń pè ní « loudness », a sì gbé ohùn àárín sókè. Àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n dò-re-mí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wa. Níbi tí ìdún ilẹ̀ bá ti bo ohùn mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ariwo táyà, ọmọ kò ní mọ èyí tí í ṣe ọkọ àti èyí tí í ṣe ọkọ̀.

Ó ku orúkọ fáìlì. Rédíò náà kò lè ka ẹ, ọ àti ṣ. Ohun tí ó kọ sójú fún « Ẹ̀fẹ̀ » ni àpótí òfìfo kan, lẹ́tà f, àti àpótí mìíràn. A kò fẹ́ yọ àmì kúrò lórí èdè wa nítorí ẹ̀rọ. Nọ́ńbà lásán ni a fi sórí fáìlì, láti 001 lọ sókè, a sì fi ìwé pélébé kan sínú àpótí iwájú ọkọ̀, níbi tí a kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sí pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, orúkọ ẹni tí ó kọrin tàbí tí ó sọ̀rọ̀, àti abúlé rẹ̀. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń yan ohun tí a ó gbọ́. Kí wọ́n tó lè yàn án, wọ́n ní láti ka ìwé náà. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní Yorùbá kíkà níléèwé, ni ó fi hàn wá ní oṣù tí ó kọjá pé a gbàgbé àmì ìsàlẹ̀ lórí orúkọ abúlé kan.

Fáìlì 87 ni a dé báyìí. Àwọn mọ́kànlá nínú wọn jẹ́ ẹ̀fẹ̀ láti inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí ẹnì kan ní Pobè yá wa: a so ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mọ́ kọ̀ǹpútà, a jẹ́ kí ó dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wákàtí kan fún kásẹ́ẹ̀tì wákàtí kan. Nínú fáìlì 64, ọkùnrin kan ń ki agbo ilé kan tí ẹnì kankan nínú wa kò mọ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì wà níbẹ̀ tí kò yé wa. Bí òǹkàwé kan láti Kétu, Ṣábẹ̀ tàbí agbègbè Pobè bá fẹ́ gbọ́ ọ, tàbí bí ó bá ní irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ tí eruku ń bò nínú àpótí, kí ó bá àwọn olóòtú ìwé yìí sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ wa ń kọjá ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́ Ẹtì. A lè dúró gbà á, a ó sì dá a padà lọ́sẹ̀ kejì.